Róòlù Kan Ló Kù: Bí Wọ́n Ṣe Ya Napoleon Dynamite

Iṣẹ́ ti ń lọ sópin, owó sì ti ń gbẹ. Róòlù fíìmù kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ àwọn tó ń ya eré náà, bẹ́ẹ̀ ìran tó wà nílẹ̀ kì í ṣe irú èyí téèyàn ń fi ìkánjú yà. Ọmọkùnrin gbọọrọ kan, onírun wúruwùru, tó wọ bàtà yìnyín gìdìgbà, máa jáde sórí ìtàgé níwájú gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, á sì jó. Òun nìkan. Kò ní sọ̀rọ̀, kò ní rẹ́rìn-ín, kò sì sí oníjó kankan lẹ́yìn rẹ̀ tó máa bá a gbé e. Bí ijó yẹn ò bá dùn, gbogbo ohun tí wọ́n ti yà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò lórí, kò nídìí.

Láyé fóònù tá a wà yìí, a ti gbàgbé ohun tí róòlù máa ń fojú èèyàn rí. Fíìmù milimítà 35 ni wọ́n lò. Kámẹ́rà ń ya àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwòrán 16 ló ń gba inú ẹsẹ̀ bàtà fíìmù kan. Ẹsẹ̀ bàtà 90 ló sì ń kọjá lẹ́yìn gíláàsì kámẹ́rà ní ìṣẹ́jú kan. Róòlù ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kò lè ju bí ìṣẹ́jú 11 lọ. Orí rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ máa ń bàjẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń kì í bọnú ẹ̀rọ, torí náà ẹ jẹ́ ká pè é ní ìṣẹ́jú 10. Ohun tó o bá sì ti yà sórí rẹ̀, o ò lè pa á rẹ́ kó o tún yà lé e. Bí ẹni tó ń jó bá fẹsẹ̀ kọ, fíìmù ti jóná nìyẹn. Ijó kan lórí ìtàgé á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni Jon Heder, òṣèré tó ṣe Napoleon, lè jó o. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló jó o.

A máa padà sórí ijó yẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dórí róòlù kan.

Napoleon Dynamite jẹ́ eré aláwàdà tí Jared Hess darí, tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Jerusha Hess, jọ kọ. Oṣù keje ọdún 2003 ni wọ́n yà á ní Preston, ìlú kékeré kan ní gúúsù ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà, nítòsí ààlà Utah. Àwọn ará ìlú náà ò tó 5,000 nígbà yẹn. Ibẹ̀ ni Hess ti ṣe kékeré. Oṣù tí wọ́n ń ya eré náà ló pé ọmọ ọdún 24. Gbogbo owó tó wà nílẹ̀ jẹ́ $400,000. Ẹni tó bá sọ ọ́ di náírà á ní owó ńlá ni. Nídìí sinimá Amẹ́ríkà, níbi tí ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń ná ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là lórí eré kan, owó ọbẹ̀ ni.

Eré náà ní ẹ̀gbọ́n kan. Nígbà tí Hess ń kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Brigham Young University, ó ya eré kúkúrú kan tó pè ní Peluca, èyí tó túmọ̀ sí wíìgì lédè Sípéènì. Ọjọ́ méjì ló fi yà á, lórí fíìmù milimítà 16 aláwọ̀ dúdú àti funfun. Owó tó ná lé e ò tó $500, gígùn rẹ̀ ò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lọ. Heder, tí wọ́n jọ wà ní yunifásítì náà, ló ṣe olórí eré. Seth ni wọ́n ń pè é nínú Peluca, kò tíì máa jẹ́ Napoleon. Seth àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì sá kúrò nílé-ẹ̀kọ́, wọ́n lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì, wọ́n sì lọ wá wíìgì fún ọ̀kan nínú wọn tó fá orí kodoro torí pé ooru ń mú un lórí. Ẹni tó bá ti wo eré ńlá náà á dá ìran yẹn mọ̀: orí Pedro, ọ̀rẹ́ Napoleon, ni wọ́n padà gbé wíìgì náà lé.

Ní oṣù kìíní ọdún 2003, wọ́n fi Peluca hàn ní àjọ̀dún sinimá Slamdance. Jeremy Coon, tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, ló rí ohun tó wà nínú ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án yẹn. Ó ní kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ kó di odindi eré, ó sì bá wọn wá owó. Òun náà ló tún jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn náà tó gé eré náà tó sì tò ó. Ó yẹ kéèyàn fi ìyẹn sọ́kàn: ọwọ́ tó tọrọ owó náà ló mú àlùmọ́gàjí. Ó mọ iye tí ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó ń gé dànù jẹ́.

Owó òṣèré ni wọ́n kọ́kọ́ fún lọ́rùn. $1,000 ni wọ́n san fún Heder fún gbogbo iṣẹ́ náà. (Nígbà tí eré náà wá di ohun tí gbogbo ayé ń wò, wọ́n tún àdéhùn rẹ̀ ṣe, ó sì rí nínú èrè.) Ọmọ ọdún 25 ni, ó ń ṣe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Efren Ramirez tó ṣe Pedro, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 30. Aaron Ruell tó ṣe Kip, ẹ̀gbọ́n Napoleon tó jẹ́ ẹni ọdún 32 nínú ìtàn, kò ju 27 lọ. Kò sẹ́ni tó gbìyànjú láti bo ọjọ́ orí wọn mọ́lẹ̀, ó sì ṣe eré náà láǹfààní. Àgbàlagbà tí wọ́n fi sínú ara ọmọdé ń dúró bí ẹni tí aṣọ há mọ́ lára, bẹ́ẹ̀ ìdúró yẹn gan-an ni wọ́n ń wá.

Irun Napoleon ní ìtàn tirẹ̀. Irun tí wọ́n fi kẹ́míkà ká ni, ẹ̀gbọ́n jẹ́rìkọ́ọ̀lù táwọn ìyá wa ṣe láyé ọjọ́sí. Alẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ kù ọ̀la ni wọ́n ká a fún Heder, ó sì ká jù: ó rí roboto bíi ti ọmọ jòjòló tí wọ́n fẹ́ gbé lọ ya fọ́tò. Jerusha ló tún un ṣe. Wọ́n wá kì í nílọ̀ pé kò gbọdọ̀ fọ irun náà títí iṣẹ́ á fi parí, torí ẹni tó bá fọ irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kẹ́míkà ká á rí i tí ìká rẹ̀ á máa tú. Bí irun bá yí padà lọ́jọ́ kẹwàá, ìran tí wọ́n yà lọ́jọ́ kejì kò ní bá a mu mọ́, àtúnyà nìyẹn, owó àtúnyà ò sì sí. Nítorí náà ó gbé irun àìfọ̀ kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ooru oṣù keje, tòun ti bàtà yìnyín lẹ́sẹ̀.

Aṣọ náà ò gba owó púpọ̀. Jerusha ló ṣètò ìmúra gbogbo òṣèré: ṣẹ́ẹ̀tì alápá kékeré tí wọ́n ya ẹṣin sí, kóòtù àwọ̀ ilẹ̀ tí Napoleon wọ lọ síbi ijó ilé-ẹ̀kọ́, irun tí Deb, ọmọbìnrin kan nínú eré náà, so sí ẹ̀gbẹ́ orí kan, irúfẹ́ ohun téèyàn ń rí níbi tí wọ́n ti ń ta òkìrìkà. Ẹ̀wù funfun tí wọ́n kọ "Vote for Pedro" sí láyà pẹ̀lú lẹ́tà pupa náà wà níbẹ̀. Wọ́n ò mọ̀ nígbà yẹn pé ẹ̀wù yẹn máa kún ọrùn àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà láàárín ọdún kan. Ohun kan ṣẹlẹ̀ níbi aṣọ yìí tó padà gbowó lọ́wọ́ wọn: aṣọ ọdún 1980, aṣọ ọdún 1990 àti tìsinsìnyí ló dàpọ̀ mọ́ra wọn, bó ṣe máa ń rí nílùú kékeré tí aṣọ ẹ̀gbọ́n ti ń bọ́ sọ́rùn àbúrò. Ará Preston á wò ó, kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Ará Los Angeles á béèrè pé: ọdún wo nìyí? Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yẹn dúró ná.

Ẹranko inú eré náà, llama, tó dà bí ràkúnmí kékeré tí kò ní iké, ń jẹ́ Tina nínú ìtàn. Dolly ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ìyá Hess ló sì ni ín. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n lò ni Preston High School. Àwọn àgbẹ̀ inú rẹ̀, ará ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wọn. Béèyàn bá lọ ya eré nílùú tí wọ́n ti mọ bàbá rẹ̀, ilẹ̀kùn tí owó ì bá ṣí, "ẹ kú iṣẹ́ o" lásán á ṣí i.

Owó lè kéré kéèyàn sì rọ́gbọ́n dá sí i. Àkókò ò gbọ́gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti díẹ̀ ni wọ́n ní láti ya eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Ìyẹn ni pé lójoojúmọ́, ohun tí wọ́n bá yà gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tó lè wọ eré. Ẹni tó bá ti dúró níbi tí wọ́n ti ń ya sinimá á mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́rin lójúmọ́ kì í ṣe eré ọmọdé. Kó o tó gbé kámẹ́rà sórí irin tó ń yí, o ní láti to irin náà, kó o wọ̀n ọ́n kó má gbọ̀n, kí ẹni tó ń tì í dánra wò, kí ẹni tó ń tún gíláàsì ṣe bá a rìn. Wákàtí kan ti lọ, ẹ ò tíì ya nǹkan kan. Ohun tí Hess àti Munn Powell tó di kámẹ́rà mú ṣe ni pé wọ́n gbé kámẹ́rà kalẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Òṣèré á dúró láàárín gbùngbùn àwòrán, ògiri tàbí pápá á wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹlẹbẹ bíi fọ́tò páálí ìdánimọ̀. Ohunkóhun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, kó rìn wá bá kámẹ́rà.

Ibí yìí lèmi gbà pé eré náà ti di ara rẹ̀. Kámẹ́rà tó ń rìn máa ń bá òṣèré bẹ̀bẹ̀. Ó ń sún mọ́ ọn nígbà tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, ó ń yí i ká nígbà tó bá ṣẹ́gun. Kámẹ́rà tó dúró gbagidi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Napoleon ní ọwọ́ méjì tí kò mọbi tó máa fi wọ́n sí, ojú tó là tán tí kò là tán, ẹnu tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Àwòrán náà sì gùn débi pé ìwọ tó ń wò ó á bẹ̀rẹ̀ sí í sún lórí àga. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì lẹ́yìn ìgbà tó yẹ kí wọ́n gé e ni ẹ̀rín máa ń bọ́. Bí wọ́n bá tètè gé e, ẹ̀rín ò ní sí.

Àwọn tó wà níwájú kámẹ́rà náà kò mọ̀ pé àwọn ń pani lẹ́rìn-ín, àṣírí eré náà sì wà níbẹ̀. Napoleon ń ya ẹranko tó jẹ́ àdàlù kìnnìún àti tígà sínú ìwé rẹ̀, ó sì gbà pé òun ní ẹ̀bùn. Kip ń jókòó sídìí íntánẹ́ẹ̀tì látàárọ̀ ṣúlẹ̀ tó ń bá obìnrin kan tí kò rí rí sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ó sì ń múra láti di oníjà inú àgò, pẹ̀lú apá tó tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Rico, mọ̀lẹ́bí òbí wọn, ń gbé inú ọkọ̀, ó ń ta abọ́ ike káàkiri ojúlé, ọkàn rẹ̀ sì wà ní ọdún 1982, ọdún tó dá a lójú pé ká ní akọ́nimọ̀ọ́gbá jẹ́ kí òun wọlé ni, àwọn ì bá gba ife. Ó ra ẹ̀rọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa gbé èèyàn padà sígbà àtijọ́. Iná mànàmáná ló rí níbẹ̀. Deb ń ya fọ́tò ẹ̀ṣọ́ kó lè rówó lọ sí yunifásítì. Pedro, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́ náà, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ò tíì dá lójú rẹ̀, ló fẹ́ di ààrẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Kò sí èyí tó jọ àlá tí ayé ń pàtẹ́wọ́ fún nínú wọn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ṣẹ́jú sí wa pé òun náà mọ̀. Aláwàdà tó bá ń wo ojú èrò bóyá wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín máa ń ba irú eré yìí jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbìyànjú láti ṣe irú rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣubú: wọ́n kó aṣọ òkìrìkà, wọ́n kó irun wúruwùru, wọ́n gbàgbé pé ẹni tó wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ rò pé òun rẹwà.

Ó ku ijó. Bí ìtàn ṣe gbé e kalẹ̀ ni pé Pedro ti sọ̀rọ̀ ìpolongo tirẹ̀ tán, ó sì ti gbọ́ pé ẹni tó ń du ipò gbọ́dọ̀ ṣe eré kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un tẹ́lẹ̀. Napoleon fún ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ní kásẹ́ẹ̀tì kan, ó bọ́ síwájú. A ti rí i tẹ́lẹ̀ tó ń fi fídíò tó rà lówó pọ́ọ́kú kọ́ ijó nínú yàrá rẹ̀, ilẹ̀kùn ní títì.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni orin. Orin tó gbayì kì í ṣe ohun téèyàn ń mú lò lásán; ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ gbowó, ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde náà fẹ́ gbowó, ẹ̀tọ́ méjèèjì sì dá yàtọ̀ síra. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ya ijó, kò tíì dá wọn lójú orin tí wọ́n máa rí gbà. Bí Heder bá jó ẹ̀ẹ̀mẹta sí orin kan, tí olórin wá ní rárá, róòlù tó kù náà ti ṣòfò nìyẹn. Wọ́n wá pín ewu náà: oríṣiríṣi orin ni wọ́n gbé sí i bó ṣe ń jó léraléra. "Canned Heat" ti Jamiroquai, tó jáde ní ọdún 1999, ló padà dúró.

Kò sí olùkọ́ ijó tó tò ó fún un látòkèdélẹ̀. Tina Majorino tó ṣe Deb bá a dá sí i díẹ̀, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù wá láti ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ẹ̀mẹta náà fi yàtọ̀ síra. Iṣẹ́ wá bọ́ sí Coon lọ́wọ́. Ìlù orin méjì kì í sábà yára bákan náà, torí náà ẹsẹ̀ tó gbé sí orin kan lè máà balẹ̀ lórí ìlù òmíràn. Ohun tí ẹni tó ń gé eré lè ṣe níbẹ̀ ò pọ̀: á wá ibi tí ara òun ìlù ti ṣèèṣì bára mu, á mú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, níbi tí kò bá sì ti lè so wọ́n pọ̀, á gé sí ojú èrò. Ẹ lọ tún ìran náà wò lónìí. Bí ojú Deb tàbí ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá gba àwòrán lójijì, ẹ wo bí ẹsẹ̀ Napoleon ṣe máa rí nígbà tí a bá padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sígbà kan tó wà níbi tá a fi í sí.

Kámẹ́rà tó dúró sójú kan gbà á là níbẹ̀ náà. Nítorí pé gbogbo ara ló hàn, láti irun dé bàtà, kò síbi tí ojú wa máa lọ sinmi. Nítorí pé kò sí ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú, ijó náà ò gbé ara rẹ̀ ga. Kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀, ó dúró bí ọ̀pá. Ìbàdí ló kọ́kọ́ gbà á, ejìká tẹ̀ lé e, ojú ò yí padà. Nígbà tó parí, ó sáré kúrò lórí ìtàgé kó tó gbọ́ bóyá wọ́n pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ni kò gbọ́ ọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2004, ọdún kan péré lẹ́yìn Slamdance, eré náà wọ àjọ̀dún sinimá Sundance ní Park City. Kò gba ẹ̀bùn ńlá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ sinimá Fox Searchlight rà á. Ibẹ̀ ni ìbéèrè aṣọ tá a fi sílẹ̀ lókè ti padà wá. Wọ́n fi eré náà han àwọn èèyàn lásán láti dán an wò, ohun tó sì ń dààmú wọn ni pé wọn ò mọ ọdún tí ìtàn náà ń ṣẹlẹ̀. Eré náà ò sì ní àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ gidi tí orúkọ àwọn òṣèré wà. Hess àti Ruell, òun náà tó ṣe Kip, wá dá ọgbọ́n kan. Wọ́n lọ sí yàrá abẹ́ ilé Powell, wọ́n gbé oúnjẹ sínú àwo, wọ́n kọ orúkọ òṣèré sára oúnjẹ, wọ́n kọ òmíràn sára ohun ìpara ètè, ọwọ́ kan á gbé àwo sílẹ̀, á gbé e kúrò. Láàárín rẹ̀ ni wọ́n ti fi káàdì ìdánimọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Napoleon hàn, tòun ti ọdún tó wà lára rẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè nìyẹn. Orin "We're Going to Be Friends" ti The White Stripes ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọwọ́ Heder ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Ẹnì kan nílé-iṣẹ́ náà wò ó, ó ní awọ ẹ̀gbẹ́ èékánná rẹ̀ ti ṣí, kò dára fún sinimá. Wọ́n gbé ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ oge wá, ọwọ́ tirẹ̀ dán mọ́rán, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn ju ti Heder lọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n to gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán, ọwọ́ èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí àwọ̀ tó ń yí padà láti àwo kan sí òmíràn. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ eré náà ní wàhálà kékeré tirẹ̀. Hess sọ pé ẹnu ọkùnrin kan tóun pàdé ní Cicero, ní ìpínlẹ̀ Illinois, lòun ti gbọ́ ọ. Ó ku ọjọ́ méjì kí iṣẹ́ parí ni ọ̀dọ́ kan tó wá ṣe èrò nínú ìran wá sọ fún un pé Elvis Costello, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti lo orúkọ yẹn fún ara rẹ̀ lórí àwo orin kan ní ọdún 1986. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 2004 ni wọ́n gbé e jáde, ní ilé sinimá mẹ́fà péré. $116,666 ló wọlé ní òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ pín in: ó lé ní $19,000 fún ilé sinimá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì ni ohun tí àwọn tó ń pín eré ń wò. Eré tí kò lójú tẹ́nì kan mọ̀ nínú, bí wọ́n bá gbé e lọ síbi ẹgbẹ̀rún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, gbọ̀ngàn á ṣófo, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò lọ́sẹ̀ kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un, kí ẹnu àwọn tó ti wò ó lè ṣíwájú rẹ̀ dé ìlú tó kàn, títí tó fi dé ilé sinimá tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Wọ́n tún ya ìran ìgbéyàwó Kip kún un, èyí tó wà lẹ́yìn tí orúkọ àwọn òṣèré bá ti kọjá. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, $44.5 mílíọ̀nù ló ti pa ní Àríwá Amẹ́ríkà nìkan. Ní ọdún 2005, MTV fún un ní ẹ̀bùn eré tó dára jù lọ, ilé aṣòfin Idaho sì ṣe ìpinnu kan láti yin tọkọtaya Hess. Ìwé ìpinnu náà dárúkọ ànàmọ́ Idaho, ó sì kìlọ̀ fún aṣòfin tó bá dìbò lòdì sí i pé ó lè di òmùgọ̀, lédè Napoleon gan-an. Ìgbà tí ìjọba bá ń ṣàwàdà báyìí ò pọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kò sí ní Preston. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, Netflix gbé mílíọ̀nù kan dọ́là kalẹ̀ fún ẹni tó bá lè mú kí ẹ̀rọ rẹ̀ fi ìdá 10 nínú 100 mọ̀ sí i ju tẹ́lẹ̀ lọ, iye ìràwọ̀ tí oníbàárà máa fún eré tí kò tíì wò. Wọ́n kó àmì tó lé ní 100 mílíọ̀nù sílẹ̀ fún àwọn olùdíje, lórí eré 17,770. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe é kò ṣòro láti yé èèyàn: á wá àwọn tó fẹ́ràn ohun tí ìwọ náà fẹ́ràn, á wo ohun tí wọ́n sọ nípa eré tó kàn, á sì gbà pé bẹ́ẹ̀ nìwọ náà máa sọ. Ẹni tó fẹ́ràn eré ogun kan á fẹ́ràn òmíràn.

Napoleon Dynamite kọ̀ fún wọn. Àmì tí àwọn èèyàn fún un lórí Netflix lé ní mílíọ̀nù méjì, torí náà kì í ṣe pé ìmọ̀ nípa rẹ̀ kéré. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé ìràwọ̀ kan tàbí ìràwọ̀ márùn-ún ni ọ̀pọ̀ fún un, èyí tó wà láàárín ò pọ̀. Èèyàn méjì tó bára mu lórí ọgọ́rùn-ún eré á dé orí rẹ̀, wọ́n á sì pínyà. Ọ̀kan lára àwọn olùdíje náà ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2008, ó rí i pé eré kan ṣoṣo yìí ló ń fa bí ìdá 15 nínú 100 gbogbo àṣìṣe tó kù tóun fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní ìṣòro Napoleon Dynamite láàárín ara wọn.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2009 ni ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ BellKor's Pragmatic Chaos gba owó náà pẹ̀lú ìdá 10.06. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà ìṣirò ni wọ́n pò pọ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, àṣìṣe kéékèèké tí wọ́n dín kù lórí ẹgbàágbèje eré mìíràn ló sì gbé wọn débẹ̀.